Ṣé lóòótọ́ ni pé olówó kì í jalè tó bá dé ipò?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ẹbúté Ìkòròdú:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọlọ́kadà tó ń forí pa mọ́ sábẹ́ agboòrùn mi ní kí olówó kan dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ sílẹ̀, kó gbá gbogbo òṣèlú àtijọ́ dànù. Wọ́n ní ẹni tó ti yó ò ní jalè. Ọ̀rọ̀ yẹn ò wọ̀ mí létí. Ẹni tó gbé jíìpù wá ra ẹpìyà ló máa ń ná an jù, á tún ní kí n fi èènì sí i! Ṣé wọ́n ti dán irú ẹ̀ wò níbì kan?

Tíṣà Ìgbógbó:
Ẹ kú ọjà, Màmá. Wọ́n ti dán an wò dáadáa. Andrej Babiš, olówó kan ní orílẹ̀-èdè Czech ní Yúróòpù, tó ni Agrofert, ilé iṣẹ́ ajílẹ̀, ẹran àti búrẹ́dì, dá ẹgbẹ́ ANO sílẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe ń darí ilé iṣẹ́ lòun máa darí ìlú. Ó di olórí ìjọba ní 2017. Agrofert yìí kan náà sì ń gba owó ìrànwọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹ bá mi bi wọ́n: ta ló máa yẹ ìwé ọ̀gá wò?

Bàbá Káfíńtà:
Tíṣà, ẹ sọ ti Thaksin Shinawatra náà. Owó tẹlifóònù ló ní. Ó wọlé ní Thailand ní 2001, aláìsàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í san 30 baht, owó tiwọn níbẹ̀, péré nílé ìwòsàn. Ẹni tó ti sanwó káàdì, sanwó ìbọ̀wọ́, sanwó abẹ́rẹ́ kí dókítà tó yọjú sí ìyàwó ẹ̀ ló máa mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ bá mi wá irú ẹ̀, màá dìbò fún un.

Tíṣà Ìgbógbó:
Ó ṣe ìyẹn lóòótọ́, Bàbá, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní 2006, òun wà lórí àga, ẹbí ẹ̀ ta ìpín wọn nínú Shin Corporation, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ẹ̀, fún Temasek, ilé iṣẹ́ ìdókòwò ìjọba Singapore. Ó lé ní bílíọ̀nù 70 baht, wọn ò sì san owó orí lórí èrè ẹ̀. Ìgboro gbaná. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ológun gbàjọba. Kò dìgbà téèyàn bá fọ́ àpótí ìjọba. Òwò tiẹ̀ àti òfin ìlú ti wà lọ́wọ́ kan náà, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa wò.
Owó nìkan ò tiẹ̀ kájú ìbò. Ní 2019, olówó kan, Clive Palmer, da ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là sórí ìpolówó ní Ọsirélíà, ẹgbẹ́ ẹ̀ ò rí àga kan ṣoṣo.

Ọlọ́kadà Odógunyàn:
Ẹ bá wa pe Palmer yẹn wá o. Kó wá ná in níbí, a ò ní yọ ọ́ lẹ́nu rárá.