Oore odò ni, kì í ṣe “iṣẹ́-ìsìn odò”

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín.

Arákùnrin wa kan kọ̀wé pé òun fẹ́ ya máàpù Odò Ògùn, láti fi hàn ibi tí oore omi ti ń wá àti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń lò ó. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n “iṣẹ́-ìsìn odò” tí ó pe oore náà, ìyẹn àǹfààní tí odò ń ṣe fún ènìyàn, dùn mí, n kò sì lè dákẹ́.

Ta ni ó ń sin ta ni? Ìwọ̀fà ni ó ń sin olówó láyé àtijọ́, àwa ni a sì ń sin Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Arákùnrin náà ní àgùnbánirọ̀ pàápàá ń sin orílẹ̀-èdè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àṣẹ ni ó ń tẹ̀ lé. Ta ni ó pàṣẹ fún odò? Ẹ tún wo ohùn ọ̀rọ̀ náà: ohùn ìsàlẹ̀ ni “sìn” ní, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn àárín ni yóò gbà, tí “odò ń sin ará ìlú” tí ó kọ yóò fi dún bí ẹni pé odò ń bo ará ìlú mọ́lẹ̀ bí òkú. Ẹni tí ó bá rántí bí odò Ògùnpa ṣe ya bo Ìbàdàn ní 1980 kò ní fi ojú kékeré wo àṣìgbọ́ yìí.

Kí ìyá àgbà mi tó gbé ìkòkò rù ní Abẹ́òkúta, yóò kọ́kọ́ fi igbá da omi díẹ̀ padà sínú Ògùn, yóò ní, “O ṣe wá lóore.” Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀.

“Ìbéèrè” tí ó lò fún ohun tí a ń fẹ́ lọ́wọ́ odò kò tẹ́ mi lọ́rùn pẹ̀lú. Ẹni tí ń wẹ̀ ní Èkó kò béèrè ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ omi tí wọ́n ń tú sílẹ̀ láti adágún Ọ̀yán, dáàmù tí wọ́n ṣí ní 1983, ń gba inú Ògùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. “Ìlò” ni kí a kọ.

Ní ti “àfonífojì Ògùn” tí ó pe gbogbo ilẹ̀ tí máàpù náà yóò fi hàn, ilẹ̀ tí ó wà láàárín òkè méjì ni àfonífojì, ṣùgbọ́n orí òkè ni Ṣakí wà, níbi tí Ògùn ti ṣẹ̀ nítòsí rẹ̀. Títí ẹnì kan yóò fi mú èyí tí ó sàn wá, “ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń ṣàn sí Ògùn” ni kí máàpù náà máa jẹ́, bí ó tilẹ̀ gùn.