Ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ọdún 16, kò tíì sí lórí NDIS: ibo ni kí ìyá yìí ti bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Ọsirélíà, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú. Ìyá kan ní Geraldton, Western Australia, ló gbà kí n bá òun gbé ọ̀rọ̀ yìí wá. Ọmọ onílẹ̀ ni, Aboriginal, láti ìran Yamatji. Ọmọkùnrin rẹ̀ ní ìpèníjà òye, oṣù mẹ́rin ló sì kù kó pé ọdún 16. Bí ẹnì kan ò bá dúró tì í kó máa sọ ohun tó kàn fún un, kò lè wẹ̀ parí. Kò mọ owó kà. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ lóru, á jáde.

Carer Payment àti Carer Allowance, owó tí wọ́n ń san fún olùtọ́jú, ni ìyá ń gbà ní Centrelink, ọ́fíìsì ìjọba tó ń san owó ìrànwọ́. Ọmọ ò tíì sí lórí NDIS, ètò ìjọba tó ń sanwó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn akanda ẹ̀dá. Wọ́n kọ̀wé wọlé nígbà kan, èsì tó jáde ni pé ẹ̀rí ò tó. Ìyá ò rí oorun sùn, àmọ́ kò jẹ́ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì kankan, torí ó gbà pé wọ́n á ní kò lè tọ́jú ọmọ, wọ́n á sì wá gbé e lọ. Kí ni kó kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú àánú o. Ọjọ́ ìbí yẹn ni kẹ́ ẹ dojú kọ ná, torí lójú Centrelink, ọmọ tó bá ti pé 16 ti bọ́ sí ọ̀wọ́ àgbà.

Ọmọ fúnra rẹ̀ lè gba Disability Support Pension, owó tí Centrelink ń san fún akanda ẹ̀dá. Wọ́n máa ń gba fóọ̀mù náà láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé ọdún 15 àti oṣù 9, ìyẹn ni pé oṣù kan péré ló kù kí àyè ṣí. Bí ìwé saikọ́lọ́jíìsì bá fi hàn pé IQ rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n òye, ò tó 70, wọn ò ní gbé e gba orí máàkì tí wọ́n fi ń wọn àwọn yòókù. Nítorí náà, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ wá kíákíá. Ọmọ máa nílò àkáǹtì báńkì lórúkọ ara rẹ̀, kí ìyá sì forúkọ sílẹ̀ bíi nominee, ẹni tó ń dúró fún un lọ́dọ̀ Centrelink. Nominee méjì ló wà, ti lẹ́tà àti ti owó. Ọ̀pọ̀ ń ṣe ọ̀kan, wọ́n ń gbàgbé ìkejì. Kó sì mọ̀ pé Family Tax Benefit, owó ìrànwọ́ fún òbí, tó bá ń gbà lórí ọmọ yẹn máa dúró bí pension bá ti bẹ̀rẹ̀.

Owó ìyá náà ń kọ́? Wọ́n á tún ìtọ́jú tó ń ṣe wọ̀n pẹ̀lú ìwọ̀n àgbà. Ìyá á dáhùn ìbéèrè tirẹ̀, dókítà á dáhùn tirẹ̀, wọ́n á ro máàkì pọ̀. Ibi tó ti ń bàjẹ́ nìyí: dókítà tí kò mọ ọmọ dáadáa á rí i pé ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì, á kọ pé ó ń dá wọṣọ. Kí ìyá kọ bó ṣe ń rí nílé sórí ìwé kan, kó fún dókítà kó tó fọwọ́ kan fóọ̀mù: "Ó ń wọṣọ bí mo bá ń mú un fún un níkọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń rán an létí."

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Òótọ́ lẹ sọ, Ìyá Ìbejì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí ọmọ wò kó tó jókòó fún ìdánwò IQ. Àrùn etí tí omi ń dá sẹ́yìn awọ etí pọ̀ gan-an láàárín àwọn ọmọ Aboriginal, àti kékeré ló sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí kò gbọ́ ìbéèrè á kùnà á, wọ́n á ní kò yé e. Bí èsì àyẹ̀wò etí bá ti wà nínú fáìlì, kò sẹ́ni tó máa rí i wí pé etí ló fà á.

Kó gba GRAMS lọ, ilé ìwòsàn tí àwọn Aboriginal fúnra wọn ń darí ní Geraldton, kó béèrè fún àyẹ̀wò 715. Àyẹ̀wò ara tí Medicare ń sanwó rẹ̀ fún àwọn Aboriginal àti Torres Strait Islander ni. Ibẹ̀ ni dókítà á ti kọ̀wé rán wọn sí ibi àyẹ̀wò etí, ọ̀dọ̀ dókítà ọmọdé àti ọ̀dọ̀ saikọ́lọ́jíìsì. Bó bá di dandan kí wọ́n lọ rí dókítà àgbà ní Perth, tó lé ní 400 kìlómítà, ètò PATS ń dá sí owó ọkọ̀ àti ibùsùn. Kí wọ́n kọ fóọ̀mù rẹ̀ kí wọ́n tó gbéra.

Kí ìdánwò wáyé láàárọ̀. Bó bá ń rẹ ọmọ, kí wọ́n pín in sí ọjọ́ méjì, kí aunty tó mọ̀ ọ́n jókòó nítòsí. IQ nìkan ò tó: kó ṣe Vineland tàbí ABAS mọ́ ọn, tó ń béèrè ohun tí ọmọ ń dá ṣe lójoojúmọ́. Níbí ni ìfẹ́ àti ìtìjú ti máa ń ṣàkóbá fún ìyá. Kò fẹ́ bu ọmọ rẹ̀ kù níwájú àlejò, á ní "ó ń gbìyànjú". Máàkì á lọ sókè, wọ́n á sì kọ "mild", ìyẹn ni pé kò le. Ohun tí ọmọ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá, láìsí ẹni tó rán an létí, nìkan ni kó sọ.

Bí ìwé bá sọ pé ìpèníjà náà jẹ́ moderate, severe tàbí profound, ó wọ List A, àkọsílẹ̀ àwọn ìpèníjà tí NDIS tètè ń gbà wọlé, ọ̀nà á sì rọrùn. "Mild" ò sí níbẹ̀. Fún un, ẹ gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá lórí ìbánisọ̀rọ̀, ìbáṣepọ̀, ẹ̀kọ́ kíkọ́, ìrìn, ìtọ́jú ara tàbí bó ṣe ń bójú tó ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Ẹ tún lẹ́tà tí wọ́n fi kọ̀ wọ́n kà, ẹ máa rí ohun tó kù.

Bọ̀dá Táíwò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá yẹn pé ẹ̀rù rẹ̀ ò nídìí. Òfin 1905 ní Western Australia fi òṣìṣẹ́ ìjọba kan ṣe alágbàtọ́ àwọn ọmọ Aboriginal, ìyá wọn wà láàyè o. Wọ́n ń kó ọmọ lọ títí di nǹkan bí ọdún 1970. Ìròyìn ìwádìí tó jáde ní 1997 tú gbogbo rẹ̀ síta, olórí ìjọba sì tọrọ àforíjì ní ilé aṣòfin ní 2008. Ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ṣì ń gbé pẹ̀lú ọgbẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n bó bá fi àárẹ̀ pamọ́, wọ́n á rò pé kò nílò ìrànwọ́. Kó kọ ohun tí ọmọ nílò, kó má ṣèdájọ́ ara rẹ̀. Dípò "mi ò lè ṣe é mọ́", kó kọ: "Láàárín aago 10 alẹ́ sí 5 ìdájí, ó ń jí lẹ́ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà lójúfò, torí ó ń jáde sí títì." Kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́ méje, wákàtí sí wákàtí, kó fi lẹ́tà ilé ìwé tì í.

Bó bá rẹ̀ ẹ́ dé góńgó, kó pe Carer Gateway, 1800 422 737, ètò ìjọba tó ń ran olùtọ́jú lọ́wọ́, kó béèrè ẹni tó máa bá a tọ́jú ọmọ fúngbà díẹ̀ kó lè sinmi. 13YARN, 13 92 76, ìlà fóònù fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, wà tọ̀sán-tòru, àwọn Aboriginal ló ń gbé e. Bí òṣìṣẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé bá gbé ìwé wá pé kó fọwọ́ sí i, kó ní òun fẹ́ kí Aboriginal Legal Service of Western Australia kọ́kọ́ kà á.

Ẹni tó béèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á san án fún yín. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn àbúrò ìyá yìí ń bá a tọ́jú ọmọ, ṣé kó sọ bẹ́ẹ̀ fún NDIS? Ẹnì kan tún sọ fún un pé tọ́mọ bá pé 18, ìjọba á gba àṣẹ lórí rẹ̀.

Kọ́lá OT

Kó sọ ọ́, kó sọ ọ́ pẹ̀lú wákàtí. Àwa Yorùbá mọ̀ pé àbúrò ìyá, ìyá ni. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí lọ́dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n "ẹbí ń ràn mí lọ́wọ́" nìkan, ẹni tó ń ṣètò á kà á sí ìrànwọ́ ojoojúmọ́, á sì gé owó. Kó kọ ọ́ báyìí: àbúrò àgbà, ọjọ́ Sátidé, wákàtí mẹ́ta, ìkejì ń ṣiṣẹ́, kò lè wá láàárín ọ̀sẹ̀. Kó fi ti ìsìnkú kún un, torí gbogbo ẹbí á rìnrìn àjò nígbà náà: ta ló máa wà pẹ̀lú ọmọ, báwo ni òun náà ṣe máa débẹ̀?

Kó béèrè fún respite, ìtọ́jú ọmọ fúngbà díẹ̀ kí ìyá lè sinmi. Ọjọ́ 28 lọ́dún ni wọ́n sábà ń fọwọ́ sí, ó sì lè lò ó díẹ̀díẹ̀. Kó yan plan-managed, níbi tí ẹlòmíì ti ń bá a san owó náà fáwọn òṣìṣẹ́, kó lè gba òṣìṣẹ́ láti àárín àwọn èèyàn tirẹ̀, bí ẹni náà ò tiẹ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NDIS. Wọn kì í sábà sanwó fún mọ̀lẹ́bí, àmọ́ wọ́n lè gbé ìdí àṣà yẹ̀ wò. Bí owó tí wọ́n fọwọ́ sí bá kéré, oṣù mẹ́ta ló ní láti ní kí wọ́n tún un wò. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ní ọjọ́ 28 láti lọ sí Administrative Review Tribunal, ìgbìmọ̀ tó ń tún ìpinnu ìjọba yẹ̀ wò.

Ti ọdún 18, irọ́ ni. Ìjọba ò gba ọmọ. Òfin á kàn kà á sí àgbà tó lè pinnu fún ara rẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́. Ó di ìgbà tí State Administrative Tribunal, ìgbìmọ̀ ìgbẹ́jọ́ ìpínlẹ̀, bá yan guardian, alágbàtọ́, kí ẹlòmíì tó lè pinnu fún un, ìyá fúnra rẹ̀ sì lè ní òun fẹ́ jẹ́ ẹ.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ìwé tó máa mú lọ sí GRAMS: káàdì Medicare, ìwé ìbí ọmọ, ìròyìn ilé ìwé ọdún méjì tó kọjá, àti lẹ́tà NDIS àkọ́kọ́ yẹn. Bí kò bá sí ìwé ìbí, kó sọ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyẹn ló máa ń pẹ́ jù, Centrelink àti NDIS ló sì máa béèrè rẹ̀.