Ìjàpá mi ti ń jí o: ibi tí ọ̀rọ̀ sítátà parí sí

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Volkswagen Ìjàpá 1972 mi, tí mo kọ̀wé bi yín léèrè nípa rẹ̀ pé ó máa ń dún "ká!" lásán tí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, pàápàá tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, ó ti dáa. Kì í ṣe bátìrì, kì í sì í ṣe sítátà tí ọ̀pọ̀ yín ní kí n pààrọ̀.

Rìwáyà kan lọ́nà Ọ̀bá-Ilé, l'Ákùúrẹ́ níbí, ló rí i. Bátìrì ka fólìtì 12.6, ó dáa. Ó fi ẹnu mítà kan sórí nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ó fi ìkejì sára gíábọ́ọ̀sì, ó ní kí n sítáàtì. Fólìtì 2! Kò yẹ kó ju ìdajì fólìtì lọ; ìyẹn ni pé iná ń sọnù láàárín bátìrì àti gíábọ́ọ̀sì. Wáyà ẹ́ẹ̀tì (èyí tí iná ń gbà padà sí bátìrì) pẹlẹbẹ tó so gíábọ́ọ̀sì mọ́ ṣaásí ti láwọ̀ ewé, fọ́nrán rẹ̀ ti já dànù, ọ̀dà sì bo ìdí bóòtì rẹ̀. A fi sáńpépà ha irin náà títí ó fi ń dán, a de tuntun. Ẹ wo owó sítátà tòkunbọ̀ tí ǹ bá ti ná o!

Ó ku wáyà tín-ín-rín tó ti ìdí kọ́kọ́rọ́ lọ sí sólénọ́ìdì, ìyẹn súìṣì ńlá orí sítátà, lẹ́yìn. Ọ̀nà rẹ̀ jìn, iná ń dín kù kó tó débẹ̀. Rìléè, ìyẹn súìṣì tí iná kékeré fi ń tan iná ńlá, ni màá fi sí i. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé, ẹ ṣeun gan-an.