Ọ̀rọ̀ kádàrá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lóye

Àsàlámù àlékùm ẹ̀yin ará mi. Nínú òpó ìmàní mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ìyẹn àwọn nǹkan mẹ́fà tí Mùsùlùmí gbọ́dọ̀ gbà gbọ́, ti kádàrá ló ń dà mí láàmú jù, kì í ṣe pé mi ò gbà á gbọ́ o, mo gbà á dáadáa, bí mo ṣe máa máa fi gbé ayé lójoojúmọ́ ni mi ò tíì mọ̀. Tí mo bá ń wáṣẹ́ tí ò bọ́ sí i, ṣé kí n gbà pé bí Ọlọ́hun ṣe kọ ọ́ nìyẹn àbí kí n ṣì tẹra mọ́ àdúà? Ànábì ní ká so ràkúnmí ká tó gbára lé Ọlọ́hun, pé ká kọ́kọ́ ṣe ipa tiwa, ìyẹn yé mi. Àmọ́ tí mo bá ti so ó tán, ọkàn mi kì í balẹ̀. Kí lẹ̀yin máa ń ṣe tí ọkàn yín fi ń balẹ̀ lẹ́yìn ìrun?