Kí ló mú ọkọ̀ Mustang ayé ìsinyìí wúwo tó báyìí?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ̀yin tèmi, ẹ̀gbọ́n mi ní Texas fẹ́ fi Mustang GT, ọkọ̀ Ford alágbára, ránṣẹ́ sí mi n'Íkòròdú. Lọ́dún 1964, láti $2,368 ni Mustang, kò sì ju bíi kílò 1,100 lọ. GT òde òní ti lé ní kílò 1,700, owó ẹ̀ lé ní $40,000. Kí ni wọ́n kó sínú ẹ̀?

Mẹkáníìkì Ẹ̀bútẹ̀: Àbúrò, ẹ́ábáàgì, irin inú ilẹ̀kùn, táyà fífẹ̀. Hellcat kan, ọkọ̀ Dodge alágbára, wọ ṣọ́ọ̀bù mi rí, ó tó tọ́ọ̀nù méjì; jáàkì mi ń ké! Ti Dodge Charger oníná tún burú jù: bátìrì ló mú un wúwo.

Ìyá Ìbejì: Kòtò ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo á fọ ikùn ẹ̀. Corolla ńkọ́?

Ọmọ Ìgbógbó: Hàà, màámi! Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì V8 onísílíńdà mẹ́jọ ná.