Èsì: Orin tó gba wákàtí kan kì í ṣe “orin ṣókí”

Ẹ̀yin ará, ẹ kú làákàyè o.

Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń ka ohun tí ẹ ń sọ lórí orúkọ tí à bá fún “minimalist music”, orin tó ń tún ègé kéékèèké ṣe léraléra, tí Terry Riley, Steve Reich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láàárín 1960 sí 1970. Ẹ̀gbọ́n wa ní Òmù-Àrán ní ká pè é ní “orin ṣókí”. Àǹtí wa ní “orin aláìlọ́ṣọ̀ọ́” ló tọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mi ò gba ìkankan.

Drumming, orin onílù tí Reich parí ní 1971, máa ń gbà tó ìṣẹ́jú 55 sí 75, bí àwọn onílù bá ṣe tún un lù tó. Ta ló máa jókòó tó bẹ́ẹ̀ tán tí yóò ní ṣókí lòun gbọ́? Aláìlọ́ṣọ̀ọ́ tún burú jù. Ní Ìlọrin níbí, sọ fún ahunṣọ pé òfì rẹ̀ ò lọ́ṣọ̀ọ́, kó o wo ohun tójú rẹ máa rí. Orúkọ Òyìnbó yẹn gan-an, tó ń sọ nípa ohun tó kéré jù, iṣẹ́ àwòrán àti ère ni wọ́n ti yá a, Reich àti Philip Glass, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, fúnra wọn ò sì fẹ́ràn rẹ̀. Kí ló wá kàn wá tí a fi ń wá “kékeré” kiri?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọwọ́ ń ṣe. Nínú In C ti Riley (1964), ègé orin kéékèèké 53 ló wà. Oníkálukú á máa tún ọ̀kan ṣe títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn kó tó bọ́ sí èkejì. Lábẹ́ gbogbo rẹ̀, ẹnì kan jókòó ti dùùrù (píánò), ohùn C méjì tó wà lókè pátápátá ló ń tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹni tó bá ti dúró ti àwọn onídùndún níbi ìnáwó rí mọ ẹni yẹn. Gúdúgúdú ni! Ìyáàlù lè máa ki Alàájì, kó máa pòwe, kó máa tọrọ owó. Gúdúgúdú ò dá sí i, ohun tó ń lù láàárọ̀ ló ń lù nírọ̀lẹ́. (Wọ́n gbé e kọ́ mi lọ́rùn lọ́jọ́ kan nígbà tí mo wà ní kékeré. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí apá mi fi kú, wọ́n gbà á padà.)

Nítorí náà, “orin olómele” lèmi mú wá. Omele ni ìlù tó ń tún ohun kan náà lù tẹ̀lé ìyáàlù. Ẹ yọ ìyáàlù kúrò láwùjọ, kí omele nìkan kù, kẹ́ ẹ wá tẹ́tí sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wọn: orin yẹn nìyẹn. Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní “omele mẹ́ta”, ìyẹn omele bàtá mẹ́ta tí a so pọ̀, náà ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìyáàlù ló ń bá a ṣe nígbà yẹn.

Ní ti “phasing”, ọgbọ́n tí Reich fi ń mú kí ègé kan náà rọra sún kúrò lára ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nínú Piano Phase (1967), èèyàn méjì ń tẹ ègé kan náà tó ní ohùn 12 lórí dùùrù méjì. Ọ̀kan ò yí padà. Ìkejì á rọra máa yára díẹ̀, títí yóò fi fi ohùn kan ṣáájú, wọ́n á tún dúró ṣinṣin síbẹ̀, yóò tún sún, títí wọn óò fi padà bára wọn. Ṣebí a máa ń sọ pé èèyàn ṣe nǹkan “láìyẹsẹ̀”? Ẹni àkọ́kọ́ ò yẹsẹ̀, ìkejì ló ń yẹsẹ̀. “Ìyẹsẹ̀” ni ká pè é. Ẹ ó ní àbùkù ló ń dún létí, àmọ́ ibi àbùkù náà ló ti wá: ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ méjì ni Reich fi ohùn kan náà sí ní 1965, tí eré wọn ò dọ́gba.

Ẹni tó kọ̀wé pé ọ̀dọ̀ Yorùbá ni wọ́n ti jí i, ẹ rọra o. 1970 ni Reich lọ sí Gánà, ìlù àwọn ẹ̀yà Ewe ló lọ kọ́, ó sì ti kọ Piano Phase lọ́dún mẹ́ta ṣáájú. Ìbátan wà lóòótọ́. Kón-kón-kóló-kón-kóló tí agogo wa ń sọ, ìgbà 12 ló ń kà kó tó padà sílé, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àtẹ́wọ́ inú Clapping Music ti Reich (1972). A ò lè tìtorí ìyẹn pe ẹnikẹ́ni lólè.

Orúkọ píánò ńkọ́? “Dùùrù” nìkan ò tó: nínú Bíbélì, hápù ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, atẹ́gùn ló ń mú un dún. Òòlù ló sì ń lu okùn nínú píánò, ìdí tó fi bá ìlù jókòó pọ̀ nìyẹn, ìdí náà sì nìyẹn tí Akin Euba, akọrin-sílẹ̀ ọmọ Yorùbá, fi lè mú un kọ orin bí ẹni ń lùlù. Mo fọwọ́ sí “dùùrù olóòlù” fún píánò.

Mo sì fara mọ́ “ohun èlò àlùdún” fún “percussion”, torí marimba, àwọn pákó tí a tò tí a ń fi ọ̀pá lù, kì í ṣe ìlù. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń dà mí láàmú: à ń gbọ̀n ọ́n, à ń gbá a nídìí, à ń jù ú sókè. Ẹ̀gbọ́n Òmù-Àrán, ibo lẹ máa fi í sí?