Káàdì ìpè ìgbéyàwó láti London: sítáńbù mélòó, ìgbà wo?

Àbúrò Ìyàwó
Ẹ kú iṣẹ́ o. Sátidé, 8 oṣù kẹjọ 2026 ni ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi, London níbí. Èèyàn 180 la fẹ́ pè. Àpò lẹ́tà tó dọ́gba nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, sẹ̀ǹtímítà 17, ló wu ìyàwó. A ó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ káàdì, a ó sì fi ègé aṣọ ẹbí sínú rẹ̀. Ṣé sítáńbù kan á gbé e? Mélòó ni ká tẹ̀? Àwọn kan wà ní Ìbàdàn, àwọn kan ní Houston.

Atẹ̀wé
Sítáńbù lẹ́tà kò ní gbé e. Lọ́dọ̀ Royal Mail, ilé iṣẹ́ tó ń gbé lẹ́tà nílùú ọba, lẹ́tà kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 24 lọ, kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju 16.5 lọ, kò gbọdọ̀ nípọn ju mìlímítà 5 lọ, kò sì gbọdọ̀ wúwo ju gíráàmù 100 lọ. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré ni tiyín fi kọjá, ó ti di lẹ́tà ńlá nìyẹn, bó tilẹ̀ fúyẹ́ bí ìyẹ́. Ẹ ra oní-sẹ̀ǹtímítà 15.5, tàbí C5 (àpò lẹ́tà tó gba káàdì A5), tó bọ́ sí i wẹ́kú.

Ìwúwo kì í fi bẹ́ẹ̀ dà á rú. Káàdì A5 tí wọ́n ṣẹ́ po, lórí ìwé 300 gsm (ìwé líle tó nípọn), kò tó gíráàmù 20. Kókó ríbọ́ọ̀nù ló ń bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ẹ di ọ̀kan bó ṣe máa rí gan-an, kí ẹ gbé e lọ sí pósítọ́fíìsì, kí wọ́n tì í gba inú ihò ike tí wọ́n fi ń wọn lẹ́tà. Tó bá há, ẹ tún un dì. Tí owó sítáńbù kò bá pé, àlejò yín ni wọ́n máa ní kó wá san ìyókù!

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kó fi ẹ̀rọ fa ojú ibi tí wọ́n máa ṣẹ́ kó tó ṣẹ́ ẹ. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yíǹkì á fọ́ lójú ìṣẹ́, funfun ìwé á yọ síta. Kí wọ́n má sì fi ọ̀rá bo káàdì ìdáhùn, èyí tí àlejò máa fi sọ bóyá ó ń bọ̀, bírò kò ní kọ lórí rẹ̀.

Ìyá Alága
Ilé ni kí ẹ kà, ẹ má ka orí. Èèyàn 180 lè má ju ilé 100 lọ. Ẹ tẹ 120, kí àpò lẹ́tà tó 135, torí ọwọ́ á máa ṣì kọ. Ẹ fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sẹ́yìn káàdì ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, kó bá ti orúkọ inú ìwé yín mu. Àwọn kan á dá a padà láìkọ orúkọ, ẹ ó rí i.

Kí ẹbí méjèèjì ka orúkọ kó tó dé ẹ̀rọ. Olóyè tí wọ́n pè ní Ọ̀gbẹ́ni lórí káàdì, ìjà dé nìyẹn.

Ará Peckham
Ẹ yọ ègé aṣọ kúrò nínú ti Houston. Ọjà ni kọ́sítọ́ọ̀mù ń ka aṣọ sí, ẹ ó máa kọ fọ́ọ̀mù CN22. Ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp.

Ti Ìbàdàn, ẹ má gba pósítọ́fíìsì fi ránṣẹ́ rárá, ọ̀pọ̀ ilé ni kò sẹ́ni tó ń gbé lẹ́tà wá fún. Ẹ fi PDF ránṣẹ́ sí atẹ̀wé ní Ṣómólú, l'Ékòó, kí wọ́n fi mọ́tò gbé e lọ, kí ọmọ ilé kan máa gbé e fún àwọn àgbà lọ́wọ́. Àwọn tó máa gba físà gbọ́dọ̀ ti rí káàdì gbà ní 16 oṣù karùn-ún. Ti inú ìlú ọba níbí, 13 oṣù kẹfà ti tó.

Àbúrò Ìyàwó
Ẹ ṣeun gan-an ni. Sítáńbù tó ní àwòrán orí Ọbabìnrin wà nílé, tí kò ní bákóòdù (àmì tí ẹ̀rọ ń kà). Ṣé ó ṣì dáa?

Atẹ̀wé
Rárá o. Láti ìparí oṣù keje 2023 ni kò ti wúlò mọ́. Ẹ gbé e fún Royal Mail, wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ sí oníbákóòdù.